Ọ̀gá Oníbúrẹ́dì àti Bíréèkì Inú Ọpọlọ

Tí ẹ bá rí Ọ̀gá Ẹ-Fara-Balẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì rẹ̀, ẹ kí i dáadáa o. Ọkùnrin náà gbà pé ọjọ́ tí wọ́n ń pín làákàyè, òun nìkan ló tètè débẹ̀. Àwòrán ara rẹ̀ ló wà lára ọ̀rá búrẹ́dì, ó fọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tó ń ronú. Búrẹ́dì inú ọ̀rá náà kéré díẹ̀ sí àwòrán.

Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ìgbà tó fagi lé ọjọ́ ìsinmi wọn, Ìyá Apòyẹ̀fun, àgbà wọn, lọ bá a.

"Ọ̀gá, ọmọ mi ti bímọ, mi ò tíì fojú kan ọmọ-ọmọ mi. Ọjọ́ kan péré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún."

"Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Gábà ló wọ́n lára yín."

Ó gbé agolo Gábà kan kalẹ̀, oògùn funfun lúbúlúbú, ó sì ki ohùn olùkọ́ bọnu. "Nínú ọpọlọ, àwọn èròjà kan wà tó ń tẹná bí awakọ̀. Gábà ló ń tẹ bíréèkì. Òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé ó tó, rọra. Bíréèkì yín ti jẹ tán, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń bèèrè ìsinmi."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo wọn ń mu ṣíbí kan láràárọ̀. Ìyá Apòyẹ̀fun mu ún, ó ń retí kí ìbínú lọ. Ìbínú ò lọ. Wọ́n pè é láti ilé, wọ́n ní ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Ó sunkún títí, ó nujú, ó sì kọjú sí àwọn yòókù.

"Ó ní ká fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ fún un, kó rí i."

Ọjọ́ tí dókítà àgbà obìnrin kan kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá, láti yan ẹni tí yóò máa ta búrẹ́dì fún ilé ìwòsàn wọn, ọ̀gá wọ kóòtù tó funfun ju tiwọn lọ.

"Dókítà, àwọn òṣìṣẹ́ mi kì í ráhùn. Gábà ni mo fi ń tọ́jú wọn. Kò sóhun tó lè dà wọ́n láàmú."

"Ọ̀gá," Ìyá Apòyẹ̀fun pè é pẹ̀lẹ́ láti orí àpótí, "búrẹ́dì ń jóná o."

"Ẹ gbé e jáde!"

"À ń bọ̀, ọ̀gá. Ara wa ló balẹ̀." Ẹnì kan ń ká aṣọ ìnuwọ́. Ó tú u, ó tún un ká.

"Ẹ sáré! Ọ̀lẹ! Òpònú! Ẹ fẹ́ pa mí ni?" Ọ̀gá fò sókè, ẹsẹ̀ yọ̀, ó sì fìdí gúnlẹ̀ sínú ọpọ́n ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò. Ìyẹ̀fun gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìyá Apòyẹ̀fun dìde, ó fa páànù kan ṣoṣo tó ń jóná jáde, ó padà jókòó.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ṣé ẹ ò tíì mu Gábà tiyín lónìí ni?"

"Èmi ọ̀gá? Àwọn òṣìṣẹ́ ni mo rà á fún, kí wọ́n má bàa bèèrè ìsinmi!"

Ó jọ pé òun náà gbọ́ ohun tó sọ.

"Ọpọlọ fúnra ẹ̀ ló ń ṣe Gábà tó ń lò," ni dókítà wí. "Èyí tá a bá gbé mì, agbára káká ni díẹ̀ nínú ẹ̀ fi máa débẹ̀, bó bá tiẹ̀ débẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ gba ìsinmi lọ́wọ́ ẹ̀, tó wá ń bínú, kò sóhun tó ṣe ọpọlọ ẹ̀. A ò lè ra búrẹ́dì níbí."

"Ìsinmi ti dé!" lọ̀gá ké látinú ọpọ́n. "Òní gan-an! Ìyá, ẹ máa lọ!"

Ìyá Apòyẹ̀fun bọ́ aṣọ iṣẹ́. Kó tó jáde, ó po ṣíbí Gábà kan sínú ife, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ẹ gbà, ọ̀gá mi. Ẹ fara balẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń jà sí i ni ìyẹ̀fun yẹn á máa lẹ̀ mọ́ yín sí i."

Ọ̀gá gbà á, ó mu ún lójú gbogbo wọn. Ìyá ti ń wá ọkọ̀ lójú títì nígbà náà.