Mọ́tò Tí Muhydeen Fẹ́ Ṣú Lópó

Ní Agége, nínú ọgbà tí olóògbé Gàníyù àti àbúrò rẹ̀ kọ́lé sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Simbiat, opó Gàníyù, jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń to búrẹ́dì tí yóò fi mọ́tò ọkọ rẹ̀ gbé lọ sí Maryland. Muhydeen àbúrò ọkọ, tó ń ta ẹja inú fìrísà, wọlé tòun ti òógùn, ó yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lára ìṣó, ó jù ú sápò.

"Ìyàwó wa, láti àárọ̀ ni wọ́n ti mú iná. Ìlú yìí ti sú mi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ńkọ́?"

"Àánú rẹ ló ṣe mí. Lítà epo mélòó lò ń rà lójúmọ́?"

"Mẹ́fà. Lítà kan ò sì jìnnà sí ẹgbẹ̀rún kan."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà! Mọ́tò yẹn ń mu epo bí ẹni tó jẹ iyọ̀ lájẹjù. Oníná ni kó o rà. Iná ẹgbẹ̀rún méjì péré, ọjọ́ méjì gbáko ló máa fi gbé ọ lọ gbé ọ bọ̀. Kò sí ọ́ìlì, kò sí púlọ́ọ̀gì. Mẹkáníìkì á gbàgbé orúkọ rẹ!"

"Bí bátìrì rẹ̀ bá wá kú ńkọ́?"

"Kì í kú! Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n kọ sára ẹ̀."

"Dókítà pàápàá sọ pé ọgbọ̀n ọdún ló kù fún ẹ̀gbọ́n yín. Ọjọ́rú ló sọ ọ́. Jímọ̀ la sin wọ́n."

Muhydeen wúkọ́.

"Ó dáa, háíbíríìdì náà wà. Ó ń mu epo, ó ń jẹ iná. Tí ọ̀kan ò bá sí, èkejì wà, bí ọkùnrin tó ní ìyàwó méjì."

"Ẹ̀yin tí ẹ ní méjì, ṣé ìnáwó yín dín kù?"

Ó yíjú wo ẹ̀yìn, bóyá ọ̀kan nínú wọn ń bọ̀.

"Oníná ni kó o rà jàre."

"Ta ló máa wá gba mọ́tò Gàníyù?"

"Ẹbí ni. Èmi ni mo máa bá ọ gbé wàhálà rẹ̀."

Simbiat gbé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Tẹ̀súbáà Gàníyù ṣì ń fì lára dígí mọ́tò náà. Inú rẹ̀ ni ọkùnrin náà ti kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà, tó ń pariwo "Búréèkì! Búréèkì!" láti Agége dé Ìkẹjà.

"Nígbà tí mi ò gbà kí ẹ ṣú mi lópó, ṣé mọ́tò lẹ wá fẹ́ ṣú báyìí?"

"Súbúhànálláhì! Ìrànlọ́wọ́ ni o!"

Simbiat rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Ẹ ti borí mi. Oníná ni mo máa rà. Àmọ́ gílóòbù méjì àti fáànù kan ni mo ní, iná ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kì í sì í lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ."

"Mítà rẹ ló ń sáré! Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

"Dàwódù tó ń bá wa ṣe wáyà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí òun tó so ohun tí mọ́tò á fi máa gba iná, òun gbọ́dọ̀ tọpa gbogbo wáyà tó ti ara mítà mi jáde. Èyí tí kò bá wọ yàrá mi, òun á gé e."

Òógùn Muhydeen di ìlọ́po méjì.

"Gbogbo wáyà?"

"Títí kan èyí tó gba abẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ṣáláńgá."

"Ìyàwó wa, fara balẹ̀! Mọ́tò oníná! Tí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ kí iná gbé ọ ni?"

"Ẹ ní kò sí ọ́ìlì, kò sí púlọ́ọ̀gì."

"Èyí tí kì í mu ọ́ìlì, ṣé mọ́tò nìyẹn? Pẹtiróòlù ló dáa! Ojú rẹ ni wọ́n á ṣe rọ ọ́ sí i. Ẹnì kan ò lè yọ́ kẹ́lẹ́ fà á!"

"Àbí? Iná ni wọ́n máa ń yọ́ fà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lójúmọ́ wá ńkọ́?"

"Kí ni ẹgbẹ̀rún mẹ́fà? Mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ láéláé!"

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

Ọwọ́ méjèèjì ni Muhydeen fi gbé e lé e lọ́wọ́.

"Gbà. Má pe Dàwódù o."

Simbiat so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró, ó gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì, ó ká kọ́tìnì pálọ̀. Atẹ́gùn fẹ́ yẹ́ẹ́ lu Muhydeen lójú. Fáànù ń yí fìrìfìrì.

"Ìyàwó wa... ṣé iná wà ni?"

"Kò lọ rárá, ọkọ mi. Àárọ̀ ni Dàwódù ti wá gé wáyà ẹ̀yìn ṣáláńgá. Ẹ sáré lọ ta ẹja yín kí wọ́n tó jí."