Yàrá Àlejò Tó Ń Dá Báfùlù Lóhùn

Nígbà tí ìrìn-àjò mímọ́ àwọn Kátólíìkì sí Arígbó kù sí dẹ̀dẹ̀, Josiane ti ọjà Glazoué dé sí ilé wọn ní ẹsẹ̀ òkè ní Dassa. Agbọ̀n ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àlejò. Éloi ọkọ rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sáàárín báfùlù ńlá méjì, àpótí tí orin ń gbà jáde, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Tìmùtìmù ibùsùn wọn wà lára ògiri.

JOSIANE: Bàbá Christelle, ẹ kú ilé o.

ÉLOI: Káàbọ̀. Rọra sọ̀rọ̀. Yàrá yìí ń tún ọ̀rọ̀ sọ.

JOSIANE: Ṣé tìmùtìmù wa nìyẹn?

ÉLOI: Òun ni.

JOSIANE: Ta ni yóò máa sùn lóòró?

ÉLOI: Kì í ṣe oorun ló wà fún mọ́. Gbohùngbohùn ló ń bá jà. (Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Yàrá náà pàtẹ́wọ́ padà.) O gbọ́? Ògiri sìmẹ́ńtì, kárò líle tó ń dán nílẹ̀, páànù lókè. Bí akọrin bá la ẹnu, ohùn rẹ̀ á lọ kọlu ògiri, á sì padà wá bá a kó tó pa ẹnu dé. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń kọrin, àmọ́ bí ẹni pé òun àtàwọn baba ńlá rẹ̀ ni. Àwọn Faransé ń pe ìmọ̀ yìí ní àkúsítíìkì.

JOSIANE: Lọ́sẹ̀ tó kọjá, báfùlù lẹ ní ó bàjẹ́. Ẹ bú Ìdírísù tó tà á fún yín lójú gbogbo ọjà.

ÉLOI: Nígbà yẹn, n kò tíì kàwé débẹ̀. Báfùlù kò jẹ̀bi. Yàrá ló ń ba orin jẹ́.

JOSIANE: Rédíò wa kò ṣe báyìí nínú yàrá yìí rí.

ÉLOI: Nígbà náà, àga onítìmùtìmù wà níbẹ̀, ẹní wà, kọ́tìnì wà, àpò ẹ̀pà rẹ wà ní igun. Ohun rírọ̀ a máa mu ohùn bí yanrìn ṣe ń mu omi.

JOSIANE: Ta ló kó wọn jáde?

ÉLOI: Èmi ni.

JOSIANE: Nítorí kí ni?

ÉLOI: Kí orin lè ráyè.

(Wọ́n dákẹ́. Yàrá náà dákẹ́ lẹ́yìn wọn díẹ̀.)

JOSIANE: Ẹ kó ohun rírọ̀ jáde kí orin lè ráyè. Orin wá ráyè jù. Ẹ wá gbé ibùsùn wa kàn mọ́ ògiri.

ÉLOI: Bí o ṣe ń sọ ọ́ yẹn, ìmọ̀ kò sí nínú rẹ̀.

JOSIANE: Aṣọ funfun tí mo fọ̀ kalẹ̀ fún Arígbó dà?

ÉLOI: Ó wà lẹ́yìn báfùlù apá òsì. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀.

(Josiane sọ agbọ̀n kalẹ̀.)

JOSIANE: Lọ́jọ́ Ẹtì ni Tàǹtí Perpétue àtàwọn èèyàn rẹ̀ ń ti Ṣábẹ bọ̀.

ÉLOI: Mo ti fẹ́ bá ọ sọ ọ́. Lọ́dún yìí, wá ibòmíràn fún wọn.

JOSIANE: Ibòmíràn? Àbúrò ìyá mi? Ẹni tó tọ́ mi dàgbà, tó ń sùn sí yàrá yìí lọ́dọọdún nítorí Arígbó? Kí ni kí n wí fún un?

ÉLOI: Sọ fún un pé yàrá ń gba ìtọ́jú.

JOSIANE: Yàrá àlejò lorúkọ rẹ̀, Bàbá Christelle. Bí mo bá dá Tàǹtí padà, ojú wo ni n ó fi wọ Ṣábẹ mọ́?

ÉLOI: Ìmọ̀ kò mọ ẹbí.

(Josiane wo ògiri. Ó wo òrùlé.)

JOSIANE: Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ.

(Éloi tan ẹ̀rọ. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, páànù sì ń bá a gbè é. Éloi pa á. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.)

JOSIANE: Kí ló tún ń fẹ́?

ÉLOI: Ohun rírọ̀ sí i. Kó nípọn, kó wúwo, kó má ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ bí ògiri. N kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á.

JOSIANE: Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, bí ẹ bá ń kọrin nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo, báwo ló ṣe ń dún?

ÉLOI: Bí inú kànga.

JOSIANE: Ọjọ́ Àìkú ńkọ́?

ÉLOI: Lọ́jọ́ Àìkú, ó ń já gaara, nítorí pé àwọn èèyàn...

(Ó yíjú wo yàrá náà.)

JOSIANE: Ṣé Tàǹtí Perpétue rọ̀?

ÉLOI: (Ó ronú.) Ó rọ̀.

JOSIANE: Ṣé ó wúwo?

ÉLOI: A kì í purọ́ lọ́sẹ̀ Arígbó.

JOSIANE: Ṣé ó tẹ́ pẹrẹsẹ?

ÉLOI: Rárá o. Kò síbi tó tẹ́ lára rẹ̀.

JOSIANE: Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá a bọ̀, àtàwọn ìyàwó wọn, tẹní tẹní, tẹrù tẹrù.

ÉLOI: Dorian ọmọ rẹ̀ rí tín-ín-rín. Kí ni ìyẹn lè mu?

JOSIANE: Kúbùsù rẹ̀ nípọn.

(Éloi dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí já tìmùtìmù kúrò lára ògiri.)

ÉLOI: Pè wọ́n. Kí wọ́n má dúró di ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n wá lọ́jọ́rú. Tàǹtí yóò sùn ní igun yẹn, ibẹ̀ ni ohùn tó nípọn ti ń kó jọ. Kó má sì yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

JOSIANE: Ṣé ẹ̀yin lẹ ó sọ ìyẹn fún un?

ÉLOI: Èmi ni mo ní ìmọ̀ rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ti dùbúlẹ̀ tán, n ó tan orin. Ìgbà yẹn ni n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí mo rà.

(Josiane fa aṣọ funfun rẹ̀ yọ lẹ́yìn báfùlù. Ó gbọn eruku rẹ̀.)

JOSIANE: Ẹ kò ní gbọ́ ọ.

ÉLOI: Kí ló dé?

JOSIANE: Ẹ ti gbàgbé pé Tàǹtí ń hanrun? Lọ́dún tó kọjá, òkè ń dá a lóhùn.

(Éloi wo igun yàrá náà títí.)

ÉLOI: Lọ́dún tó kọjá, a kò tíì mọ ibi tó yẹ kó sùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ìhanrun rẹ̀ yóò já gaara.