Ewúrẹ́ Òkè-Ẹ̀lú àti Ẹ̀wù Ọdẹ Méjìlá

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà Òkè-Ẹ̀lú fi máa ń sọ pé ẹni tó gbé ẹ̀kọ wọ̀, kó má bá ewúrẹ́ jà? Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀kọ kì í ṣe aṣọ. Làmídì aránṣọ náà mọ̀, àmọ́ nígbà tí yóò fi rántí, ewúrẹ́ ti jẹ apá ẹ̀wù Olúọ́dẹ dé ìgbọ̀nwọ́.

Làmídì yìí ló ń rán ẹ̀wù fún gbogbo ẹni tó ń ti inú igbó jẹun. Kíjìpá tó ki dáadáa ló ń lò. Ẹ̀gún kì í fa iṣẹ́ rẹ̀ ya, àpò ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ sì ń gba òkété méjì láìjá. Àwọ̀ nìkan ló ń dà á láàmú. Funfun ni kíjìpá, ẹtu sì máa ń rí ọdẹ Òkè-Ẹ̀lú láti òdìkejì odò. Àwọn ọdẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú sí kóòtù àlòkù tí ọkọ̀ akẹ́rù ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí Olúọ́dẹ Ọdẹ́rìnlọ́ fi mú ìròyìn wá. Ìlú méje tó yí igbó ńlá ká fẹ́ kí gbogbo ọdẹ wọn máa wọ ẹ̀wù kan náà. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún sí ọjọ́ náà, àgbà méje yóò wá, ọ̀kan láti ìlú kọ̀ọ̀kan. Ọdẹ méjìlá yóò gbé ẹ̀wù Làmídì wọ̀, wọn yóò lọ lúgọ sínú igbó. Bí àwọn àgbà bá wá wọn tì, Làmídì ni yóò máa rán ẹ̀wù fún ìlú méjèèje. Bí wọ́n bá rí wọn, kóòtù àlòkù ló kù, kí Làmídì lọ wá nǹkan mìíràn ṣe.

Abẹ́rẹ́ ni Làmídì mọ̀, kò mọ ọnà. Ó rán ẹ̀wù méjèèjìlá tán lọ́jọ́ mẹ́rin, ó kó wọn lọ bá Àwẹ̀ró aládìrẹ. Àgbà obìnrin ni Àwẹ̀ró. Ìyẹ́ adìyẹ ló ń tì bọ ẹ̀kọ láfún, tí yóò fi ya ọnà sára aṣọ. Yóò sá aṣọ náà, yóò rì í sínú aró, yóò tún sá a, yóò tún rì í. Níkẹyìn, yóò fi ọ̀bẹ ha ẹ̀kọ náà kúrò, ibi tí ẹ̀kọ ti wà yóò sì mọ́ kedere. Èyí tó bá ha sílẹ̀, ewúrẹ́ ló ni ín. Gbogbo ewúrẹ́ ìlú ló mọ ọjọ́ tí Àwẹ̀ró máa ń ha aṣọ. Ẹ̀kọ aláró ni wọ́n fi já wọn lẹ́nu ọmú.

Làmídì sọ fún un pé ewé ni kó yà, kó tètè yà á. Àwẹ̀ró gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó lọ jókòó sínú igbó fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Làmídì wá a lọ.

"Ìyá, kí lẹ ń wò láti ọjọ́ yìí?"

"Ewé."

"Ṣebí ewé náà ni ewé."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Ewé àárọ̀ kì í ṣe ewé ọ̀sán. Bí mo bá bá ọ rán aṣọ, ṣé wàá gbà?"

Làmídì padà sílé, ó ń ka ọjọ́ lórí ìka ọwọ́. Àwẹ̀ró ya ewé ẹ̀gẹ́ sára ẹ̀wù kìíní, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fọ̀ ọ́ dànù, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹ̀wù méjì kò gbọdọ̀ jọra, nítorí igi méjì kò jọra nínú igbó. Lẹ́yìn èyí ni òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì, aṣọ kò gbẹ. Làmídì ń lọ, ó ń bọ̀, àwọn ará àdúgbò ní ó ti la ọ̀nà tuntun láti ilé rẹ̀ dé ilé aládìrẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ó bá ẹ̀wù méjèèjìlá lórí okùn, wọ́n ti gbẹ, aró ti mú wọn dáadáa. Àwẹ̀ró ń pọ́n ọ̀bẹ. Làmídì kò kí i tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọn.

"Fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀kọ ṣì wà lára wọn. Mo fẹ́ ha wọ́n, yóò dọ̀sán kí n tó parí."

Làmídì fọwọ́ tẹ ọ̀kan wò. Ó le gbagidi bí awọ. Ó rò ó pé ẹ̀wù tó le báyìí ló yẹ ọdẹ, ara rẹ̀ kò sì gba ìdúró mọ́.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ ó wà níbẹ̀. Ṣé ọdẹ ló máa jẹ ẹ̀wù ni?"

Àwẹ̀ró wò ó títí. "Rárá," ló wí. "Kì í ṣe ọdẹ."

Làmídì ti kó ẹ̀wù lọ. Ká ní ó dúró béèrè ẹni tó máa jẹ ẹ́ ni, ǹ bá má rí ìtàn sọ fún yín.

Àwọn ọdẹ wọ igbó, wọ́n pòórá. Àwọn àgbà méje wá wọn sókè sódò, wọn kò rí ẹyọ kan. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn tilẹ̀ fẹ̀yìn ti ọdẹ kan, ó ń nu òógùn, ó rò pé kùkùté ni. Olúọ́dẹ fúnra rẹ̀, tó jẹ́ ìkejìlá wọn, wà lórí igi kan tó tẹ̀ bàrà, ojú kò tó o. Inú Làmídì, tó ń tẹ̀ lé àwọn àgbà, dùn dé ibi tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro iye ọmọṣẹ́ tí yóò gbà.

Ìgbà náà ni oòrùn mú, òógùn bo àwọn ọdẹ, ẹ̀kọ rọ̀, òórùn rẹ̀ sì gba ojú ọ̀nà lọ sí ìlú.

Òbúkọ Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ dé. Làmídì ṣẹ́gi, ó lé e. Òbúkọ náà wò ó bí ẹni tí wọ́n pè wá síbi oúnjẹ, tí aládùúgbò wá ń bi í pé kí ló wá ṣe, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó tó yíjú padà, mẹ́fà ti dé. Kò pẹ́ tí kò sí ewúrẹ́ kankan nílé mọ́ ní Òkè-Ẹ̀lú.

Ọdẹ tó ti kojú ẹfọ̀n rí, tí kò mira, ewúrẹ́ lá a lọ́rùn, ó bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà rí ẹyọ kan. Ewúrẹ́ mẹ́ta fa èkejì jáde nínú ihò ní gbígbá ìdí ẹ̀wù mú. Àwọn àgbà kò wá ẹnikẹ́ni mọ́, wọ́n kàn ń tẹ̀ lé ewúrẹ́, wọ́n ń kà. Kùkùté tí àgbà náà fẹ̀yìn tì dìde, ó sá lọ.

Nígbà tí wọ́n ka mọ́kànlá, gbogbo ewúrẹ́ rọ̀gbà yí igi Olúọ́dẹ ká, wọ́n gbójú sókè bí ìjọ tó ń retí ìwàásù. Òbúkọ kò retí. Igi náà tẹ̀, ó gùn ún. Apá ẹ̀wù ló fi bẹ̀rẹ̀. Olúọ́dẹ ń fà á, òbúkọ ń fà á, apá ẹ̀wù já, Olúọ́dẹ sì já bọ́ sáàárín àwọn tó kù.

Ó dìde tòun ti kùmọ̀. Ó ní òun yóò pa òbúkọ náà. Àwẹ̀ró ti dé, ọ̀bẹ tó pọ́n láàárọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró sáàárín wọn.

"Olúọ́dẹ, ẹ rọra. Oúnjẹ ẹran yìí lẹ wọ̀ jáde. Ẹni tó gbé ẹ̀kọ wọ̀, kó má bá ewúrẹ́ jà."

Olúọ́dẹ rọra yíjú sí Làmídì. "Ta ló gbé ẹ̀kọ wọ̀ mí?"

Làmídì fà sẹ́yìn. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́.

Àgbà tó dàgbà jù ló gbà á sílẹ̀. Ó ní bí kì í bá ṣe ti ewúrẹ́ ni, òun ì bá ṣì fẹ̀yìn ti ọdẹ yẹn di ìrọ̀lẹ́, nítorí náà kí Làmídì máa rán ẹ̀wù náà. Àmọ́ ọwọ́ Àwẹ̀ró ni ìlú méjèèje yóò ti máa gbà á, lọ́jọ́ tí Àwẹ̀ró bá ní ó tó.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Làmídì kó ogún ẹ̀wù lọ bá a. Àwẹ̀ró ní ẹ̀ẹ̀rùn ti ń wọlé, ewé ti ń pọ́n, òun ní láti tún lọ jókòó sínú igbó. Làmídì la ẹnu. Àwẹ̀ró na ọ̀bẹ sí òbúkọ tó dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń jẹ àpọ̀jẹ, tí fọ́nrán kíjìpá kan ṣì ń fì wìrìwìrì lẹ́bàá irùngbọ̀n rẹ̀.

Làmídì pa ẹnu dé. Ó gbé àpótí ìyá náà, ó ń bá a rù ú lọ sínú igbó, ó ń kùn sínú pé òótọ́ ni: ẹni tó gbé ẹ̀kọ wọ̀, kó má bá ewúrẹ́ jà.