Kílítì Láníhùn àti Èkejì Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ti gbọ́ tí àwọn àgbà ń wí pé, "Ẹni tó ń wá èkejì aṣọ, kó di ti ìdí rẹ̀ mú." Kí ló dé tí wọ́n fi ń wí bẹ́ẹ̀? Ẹ má wulẹ̀ máa wo òkè àjà, ìdáhùn ò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Láníhùn ará Ìlárá ni.

Láníhùn yìí bá òyìnbó kan ṣọ̀rẹ́, ará Skọ́tíláǹdì, tó wá la ọ̀nà ọkọ̀ ìlú náà. Nígbà tí òyìnbó ń padà sílé, ó fi kílítì kan ta á lọ́rẹ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kílítì. Yẹ̀rì ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló ń wọ̀ ọ́. Ó ní ilà pupa àti ilà aláwọ̀ ewé tó ń kọjá lórí ara wọn ní ìbú àti ní òòró. Iwájú rẹ̀ tẹ́jú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀, aṣọ rẹpẹtẹ ni wọ́n ká lé ara wọn níbẹ̀. Òyìnbó sì ti sọ fún un pé àwọn kì í wọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà dé ibẹ̀.

Ìjọ fẹ́ fi Láníhùn jẹ Bàbá Ẹgbẹ́ Akọrin, ó sì ti fọ́nnu káàkiri pé ìmúra òyìnbó pípé lòun yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wọ kílítì náà han Akínpẹ̀lú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ìyẹn wò ó tòkè-tilẹ̀.

"Láníhùn, a rí ìsàlẹ̀. Òkè ńkọ́? Bí o bá wọ yẹ̀rì yìí wá láìsí ẹ̀wù tó bá a mu, Àbọ̀-Ìmúra ni n ó máa pè ọ́ títí a ó fi sin ọ́."

Ìpayà bá Láníhùn. Ní Ìlárá, orúkọ tí Akínpẹ̀lú bá sọ èèyàn ni wọ́n fi ń júwe ilé onítọ̀hún fún àlejò.

Ó rántí pé òyìnbó a máa wọ kóòtù kékeré aláìlápá kan lé ṣẹ́ẹ̀tì, tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti kílítì dọ́gba. Ó fi kílítì sílé, ó tọ obìnrin kan tó ń ta aṣọ lọ.

"Ìyá, mo ń wá aṣọ tí ilà pupa kọjá lórí àwọ̀ ewé."

"Ìyẹn ni pé pupa ló wà lókè?"

"Rárá o. Àwọ̀ ewé náà kọjá lórí pupa."

"Èwo wá ló kọjá lórí èwo?"

Láníhùn fi ìka fa ilà sójú afẹ́fẹ́ títí, òun gan-an ò mọ̀ mọ́. Ó ra èyí tí obìnrin náà nà sí i. Nígbà tó délé, aṣọ tábìlì ni. Ìyá Bánkẹ́, ìyàwó rẹ̀, tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó bá tábìlì mu dáadáa.

Ló bá gbé kílítì lọ bá Múfú télọ̀.

"Múfú, mi ò fẹ́ èyí tó jọ ọ́ o. Èyí gan-an ni mo fẹ́. Òkè àti ìsàlẹ̀ ò gbọdọ̀ yàtọ̀."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ó ti yé mi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìjọyè, Múfú gbé iṣẹ́ dé. Láníhùn wọ kóòtù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́: ilà bá ilà, àwọ̀ bá àwọ̀. Ó wá ró kílítì. Ó fa etí aṣọ ti ọ̀tún, ti òsì sá. Ó fa ti òsì, ti ọ̀tún sá.

"Múfú, ṣé mo sanra ni?"

"Ẹ ò sanra, Bàbá. Aṣọ ló rù."

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹ̀yin lẹ ní èyí gan-an lẹ fẹ́! Aṣọ tí wọ́n kó jọ sẹ́yìn yẹn, mo rí i pé òyìnbó kàn ń fi ṣòfò ni, mo bá gé kóòtù níbẹ̀. Ṣebí ara aṣọ kan náà la ti ń gé bùbá àti ṣòkòtò?"

Láníhùn yí ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló jọ òótọ́. Ibi tó ti wọ́ ni kò rí.

Aago ṣọ́ọ̀ṣì dún. Ó yí àlàfo tó kù láàárín etí méjèèjì sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó sì gbọ̀nà. Àwọn èèyàn nawọ́ sí i láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, orí ló ń mì sí wọn. Àlùfáà ní kó kúnlẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí àlùfáà, ó kọjú sí ìjọ.

"Láníhùn, èmi rèé níbí."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ máa gbàdúrà, yóò gba ẹ̀yìn wọlé."

Àdúrà parí. Láníhùn dìde. Àlùfáà yí wá síwájú rẹ̀, ó na Bíbélì oyè sí i. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọwọ́ mélòó ni ọmọ tí a kọ́ fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà? Ẹ ṣeun. Méjì. Láníhùn sì rèé, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́ yanjú ni.

Ó na ọwọ́ méjèèjì.

Kóòtù ò mira. Ilà ibẹ̀ gún régé. Kílítì ló dé ilẹ̀. Ẹ ò gbàgbé ohun tí òyìnbó sọ nípa abẹ́ rẹ̀?

Ìyá Bánkẹ́ fò dìde, ó fi ìborùn rẹ̀ wé ọkọ rẹ̀ nídìí kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú. Akínpẹ̀lú la ẹnu láti sọ orúkọ, obìnrin náà sì nàka sí i.

"Akínpẹ̀lú, pa ẹnu dé! Bàbá Bánkẹ́, ẹ gbọ́: ẹni tó ń wá èkejì aṣọ, kó di ti ìdí rẹ̀ mú!"

Ẹ̀rín gba ṣọ́ọ̀ṣì kan. Akínpẹ̀lú rín, rín, títí ó fi gbàgbé orúkọ tó fẹ́ sọ. Kí wọ́n tó délé, gbogbo ìlú ti ń fi ọ̀rọ̀ ìyàwó pòwe. Láníhùn nìkan ni kò tíì yé.

"Ṣùgbọ́n ó bá a mu," ló ń wí, "àbí kò bá a mu?"

Ó bá a mu, Láníhùn. Ìyẹn náà ni àwọn àgbà rò pọ̀ tí wọ́n fi ń wí pé, ẹni tó ń wá èkejì aṣọ, kó di ti ìdí rẹ̀ mú, kódà bí àlùfáà bá na Bíbélì sí i.