Ìdọ̀bálẹ̀ Salau Lórí Ọ̀sà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà etí ọ̀sà fi ń pa òwe pé bí ọkọ̀ ò bá mumi, ọlọ́kọ̀ ni yóò mu ún? Ẹ jókòó kí n sọ ọ́.

Bàbá Salau ló kú tó fi ọkọ̀ onípákó kan sílẹ̀ fún un, ọkọ̀ àtijọ́ tó ní ẹ́ńjìnnì nídìí. Abẹ́ igi máńgòrò ni ọkọ̀ náà wà fún ọdún mọ́kànlá. Adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Salau ń tọrọ ìyàwó, ọkọ̀ yìí ló fi yangàn lójú àwọn àna rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yangàn kì í jẹrà bí pákó. Nígbà tí oyún Ràfátù ìyàwó rẹ̀ di oṣù mẹ́fà, ìyá Ràfátù ránṣẹ́ láti òdìkejì ọ̀sà pé, "Màá wá wẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní wọ ọkọ̀ elérò. Ọkọ̀ tí Salau fi gba ọmọ lọ́wọ́ mi ni kó fi wá gbé mi."

Ọkàn Ràfátù ò balẹ̀. "Ọkọ mi, mi ò wẹ ọmọ tuntun rí, ẹ̀yin náà ò wẹ̀ ẹ́ rí. Tí ìyá mi ò bá wá, ta ló máa tọ́jú ìdodo ọmọ?"

Salau bá dojú kọ iṣẹ́. Ó ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ó yọ pákó tó ti jẹrà, ó fi tuntun dípò, ó ki òwú sáàárín wọn. Ó tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ó tún un tò. Nọ́ọ̀tì méjì ṣẹ́kù, ó rọra kó wọn sápò. Ó wá fi ọ̀dà búlúù àti funfun kun ọkọ̀ náà títí ó fi ń dán. Ọjọ́ tí ọ̀dà gbẹ gan-an ni Ràfátù bímọ.

Baba Tìjání, àgbà tó ti ń kan ọkọ̀ kí wọ́n tó bí Salau, wá fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lára. "Ó dáa. Ó kù kó mumi."

"Kó mu kí ni, Baba?"

"Pákó tó wà lóòrùn ọdún mọ́kànlá ti súnkì. Rì í sétí èbúté fún ọjọ́ mẹ́ta. Á wú, á fún mọ́ra, omi ò ní ríbi wọlé mọ́."

Salau wo ọ̀dà rẹ̀. Ó ro ẹnu aráyé: ọkọ̀ Salau rì kó tó rìn. "Baba, àna mi á gbọ́."

"Á gbọ́ náà ni. Rírì létí èbúté tàbí rírì láàárín ọ̀sà, èyí tó máa gbọ́ ni kí o yàn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Salau ti ọkọ̀ gbígbẹ sómi. Kò tíì dé àárín ọ̀sà tí omi ti ń yọ wọlé lójú mẹ́ta. Ó fi fìlà dí ọ̀kan, ó fi gìgísẹ̀ tẹ ìkejì, ó ń fi agolo gbọ́n ti ìkẹta. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló fi gúnlẹ̀ lọ́dọ̀ àna rẹ̀.

Ìyá wọ ọkọ̀, tòun ti kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú, àti àkùkọ kan. Wọ́n ti jìnnà sétí omi kó tó sọ̀rọ̀.

"Salau, ṣé wọn kì í kí àna nínú ọkọ̀ ni?"

"Ẹ kú ìrìn, Ìyá."

"Lórí ìjókòó?"

Kí ni Salau máa ṣe? Ó gbé gìgísẹ̀ kúrò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àyà rẹ̀ bọ́ sórí ihò kan, ikùn rẹ̀ bọ́ sórí èkejì, orúnkún rẹ̀ dí ẹ̀kẹta. Omi dúró.

"Dìde, ọkọ mi."

"Kò tíì tó, Ìyá. Ẹ bá mi di ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mú. Ìkíni yìí á pẹ́."

Ìyá, tó ti fi ọkọ̀ ta ẹja rí, dì í mú. Inú rẹ̀ dùn. "Ọkọ àbúrò Ràfátù, orí lásán ló máa ń mì sí mi."

Salau kí i. Ó kí bàbá tó bí i, ó kí ìyá tó bí i, ó kí ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ó ti fẹ́ máa kí àkùkọ nígbà tí ojú kẹrin là lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ẹnu nìkan ló kù tó lè fi dí i.

"Kí lo wí?" ni Ìyá bi í.

Omi ni Salau ń gbé mì. Bàtà Ìyá léfòó kọjá létí rẹ̀. Àkùkọ fò gorí ẹ̀yìn rẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

Ìyá wo bàtà, ó wo àna. "Salau, ṣé ọkọ̀ yìí mumi kó tó gbéra?"

Ó gbórí sókè díẹ̀. "Rárá, mà."

"Ìwọ lò ń bá a mu ún nìyẹn. Máa mu ún lọ, èbúté ti yọ."

Bí Ìyá ṣe gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀, tó gbé àkùkọ rẹ̀ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ rọra jókòó sísàlẹ̀ omi lójú gbogbo abúlé. Fìlà Salau nìkan ló léfòó. Baba Tìjání dìde, ó so okùn ọkọ̀ mọ́ òpó. "Ọjọ́ mẹ́ta," ló wí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá wẹ ọmọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ràfátù sì rí oorun sùn. Nígbà tí wọ́n gbọ́n omi inú ọkọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀kán kan ò wọlé mọ́. Ọkọ̀ náà ló kó àlejò wá síbi ìsọmọlórúkọ. Wọ́n gbé omi yí àwọn èèyàn ká, ó kan Salau, ó ní òun ò mu.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni àna rẹ̀ wí. "Ó ti mu tirẹ̀ àti ti ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ò bá mumi, ọlọ́kọ̀ ni yóò mu ún."