Mọ́tò Ọ̀la Alhaji Jàfárù

Ẹ bá mi kí Alhaji Jàfárù ti àdúgbò Koko ní Bouaké, Olówó-Ọ̀la, akọni tí ebi òní kò kàn! Ìyàwó méjì, ọmọ mẹ́sàn-án, ó lọ ra mọ́tò eré sísá pupa tí kò gbà ju ènìyàn méjì lọ.

Owó séfà tí à ń ná níbẹ̀ ti já wálẹ̀ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ilé ní Bouaké ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, àwọn kan sì ti ń bi àwa Anago, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, bóyá a kò mọ ọ̀nà ilé wa mọ́.

Alhaji kò gun mọ́tò náà lọ síbì kankan. Ó ní bó bá pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀, àwọn olówó ayé ni yóò máa wá bẹ òun kí òun tà á. Ó wó ògiri iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyáálé rẹ̀, Ràfíátù, ó ti mọ́tò wọbẹ̀. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ àwo tánganran rẹ̀ sínú oòrùn.

Ràfíátù mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ń bọ́ ilé. Inú ń bí i, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

“Alhaji, bí wọ́n bá lé wa lọ́la, kí la máa gbé lọ?”

“Mọ́tò yìí ni!”

“Ọmọ mẹ́sàn-án ńkọ́?”

“Obìnrin ò mọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú. Sùúrù lérè.”

Ọdún mẹ́ta péré ni sùúrù ọ̀hún tó. Alhaji gbọ́ pé Jacques, ọkùnrin Abidjan kan tó ń kó mọ́tò eré jọ kí wọ́n tó di ohun àtijọ́, ń bọ̀ ní Bouaké. Ló bá ránṣẹ́ pè é. Ó tún pe gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tirẹ̀ tó wà nílùú náà, àti Bàbá Àmúdà olórí wọn, kí wọ́n wá jẹ́rìí ọlá òun.

Jacques ṣí iwájú mọ́tò. Ó fajú ro.

“Alhaji, ẹ́ńjìnnì tó bá a wá dà?”

Ẹ̀yà mọ́tò ni Alhaji ń tà lọ́jà. Lójú tirẹ̀, ohun tó bá jáde látinú páálí ló níye lórí.

“Ògbólógbòó yẹn? Mo ti yọ ọ́! Tuntun ni mo fi sí i.”

“Ìjókòó ńkọ́?”

“Tuntun!”

“Iná iwájú?”

“Tuntun, ọ̀gá mi! Bí aṣọ ọdún!”

“Àwọn ti tẹ́lẹ̀ wá dà?”

“Mo ti tà wọ́n fún àwọn tó ń yọ́ irin dà ìkòkò.”

Jacques pa ìbòrí ẹ́ńjìnnì dé pẹ̀lẹ́. “Àwọn gan-an ni mo wá rà; ẹ̀yà tó bá mọ́tò wá ló ń mú un níye lórí. Kò sẹ́ni tí yóò kó èyí jọ, Alhaji, bó pé ọgọ́rùn-ún ọdún.” Ó bọ́ sọ́nà, ó ń lọ.

“Ọ̀gá, ẹ tiẹ̀ dá iye kan!”

Jacques kò wẹ̀yìn. Ẹ̀rín bú jáde.

“Jàfárù,” Bàbá Àmúdà ní, “o ní ká wá jẹ́rìí. A ti rí i.”

Ràfíátù kúnlẹ̀ níwájú wọn. “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ bá mi ti mọ́tò yìí jáde.”

Alhaji sáré wọ inú mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́ títí, ẹ́ńjìnnì tuntun kò dún. Wọ́n tì í bọ́ sí títì tòun ti agbádá rẹ̀. Ràfíátù ti ń kó àwo wọlé, ó ń tò wọ́n, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Obìnrin oníbàárà kan dúró, ó ní, “Èló ni?”

Alhaji yọrí jáde kíá. “Mílíọ̀nù mẹ́wàá!”

Obìnrin náà kò tilẹ̀ wò ó. “Ìyá, àwo aláwọ̀ ewé yẹn ni mò ń wí.”