Ẹni Tó Ń Wá Zoe Prather

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Adékọ́lá wa mọ́tò lọ sílé Ìyá Ṣeun nílùú Clinton, l'Amẹ́ríkà. Akọ̀ròyìn ni Adékọ́lá, kì í gba ohunkóhun gbọ́ láìrí ẹ̀rí. Ọmọ Amẹ́ríkà ni Ìyá Ṣeun, ará Ìbàdàn ló fẹ́ ẹ, ó sì ti ń sọ Yorùbá kí wọ́n tó bí Adékọ́lá. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ. Ó bá a ní kíṣìnì, níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

Adékọ́lá ṣàlàyé. Ó ní òun ń tọpa ìdílé Elijah Prather, àgbẹ̀ dúdú tó fi oko tábà rẹ̀ ta yunifásítì kan lọ́rẹ láyé àtijọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù nínú ìdílé náà. Bí òun ò bá rí i kó tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá òun máa gbé iṣẹ́ náà fún Ameenah, akọ̀ròyìn ẹlẹgbẹ́ òun. Ìyá Ṣeun sì mọ gbogbo ará Clinton.

"Kí lorúkọ ẹni náà?"

"Zoe Prather, mà."

Ìyá Ṣeun rọra ju òkúta inú ẹ̀wà nù. "Ṣé o ti pè é?"

"Mo ti pè é títí, mà, kò gbé e. Agbéraga ni. Orúkọ bàbá ńlá ẹ̀ ló ń gùn ún. Ilé ńlá kan ní Mitchellville, ládùúgbò àwọn olówó, ló máa wà."

"Agbéraga."

"Gan-an ni, mà. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"A jọ ń sùn, a jọ ń jí."

Adékọ́lá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun pè é. Ìyá Ṣeun ní kó pè é fúnra ẹ̀.

Ó pè é. Fóònù kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹ̀wà. Adékọ́lá na ìka sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ pa fóònù yín, kí n lè gbọ́ ohùn obìnrin yìí."

Ìyá Ṣeun gbé e sétí. "Hẹ́lò?"

Ohùn kan náà wọ etí Adékọ́lá méjèèjì. Ó jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó.

"Ẹ̀yin ni Zoe?"

"Kí lo rò pé mò ń jẹ́ kí n tó bí Ṣeun?"

Kò tíì ronú kàn án rí. Láti kékeré, ta ló gbójú láti bi ìyá àgbà léèrè orúkọ?

"Kí ló dé tẹ́ ò gbé ìpè mi, mà?"

"Ìpè ẹ kẹ̀? Adékọ́lá kan ló ń pè mí, tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun fẹ́ mọ orúkọ bàbá mi àti ibi tí wọ́n bí mi sí. Oníjìbìtì ni. Ṣeun ti kìlọ̀ fún mi."

"Èmi ni Adékọ́lá, mà."

Ìyá Ṣeun wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ? Ọmọ Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń pè ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Orúkọ mi ni, mà. Ẹ gbà mí gbọ́."

"Bó bá jẹ́ orúkọ ẹ lóòótọ́, màá sọ ti Elijah fún ọ títí ẹ̀wà yìí á fi jinná. Ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ rí ẹ̀rí."

Ó pe ìyá Adékọ́lá lórí fóònù, ó ń wo Adékọ́lá bí ẹni ń wo olè.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹnì kan jókòó sí kíṣìnì mi, ó ní Adékọ́lá lòun. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"